Ohun tí mi ò túmọ̀ fún dókítà

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Dókítà tó ti òkè òkun wá bá wa ṣiṣẹ́, tí kò gbọ́ Yorùbá, ní kí n ṣàlàyé fún ìyá kan láti Òkèlúsé nípa oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò fún ibà Lásà. Ọmọ rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù wa. Ìyá náà bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ, ṣé wàá gbà?"

Dókítà béèrè ohun tí ìyá náà sọ, mo ní ó ti gbà. Kí ló tiẹ̀ ṣe mí?

Ìyá náà tẹ̀ka síwèé ìfọwọ́sí.

Kí wọ́n tó fún ọmọ náà lóògùn, mo sáré padà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ bóyá mo máa gbà."

"Mo ti rí i lójú rẹ kí n tó tẹ̀ka," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n fún un."

Ara ọmọ náà ṣì ń gbóná nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.