Wáyà Tí Ẹ Fà Yọ Láàárọ̀ Yìí

Màmá,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki wáyà kọ̀ǹpútà pálọ̀ bọ iná padà o, kí ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Mo mọ̀ pé tójò bá ti ṣú, gbogbo wáyà ilé lẹ máa ń fà yọ, láti ọjọ́ tí àrá ti ba tẹlifíṣàn yín jẹ́ nígbà tí ẹ ń ṣe tíṣà ní Ìlọrà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé, ẹ ti fà á yọ. Àkọsílẹ̀ oògùn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ti bàjẹ́, mi ò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbì kankan.

Windows ni ọ̀gá fẹ́ kó máa darí kọ̀ǹpútà náà. Èmi ni mo fàáké kọ́rí pé Linux ni ká lò, pé ọ̀fẹ́ ni, pé kì í kú bọ̀rọ̀. Òní ló yẹ kí n fi iṣẹ́ náà hàn án n'Íbàdàn.

Ẹ̀bi mi ni. Mi ò kìlọ̀ fún yín.

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín kí n tó lọ wọkọ̀ Ìbàdàn. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá yín, mo gbọ́ tí ẹ ń gbàdúrà pé kí iṣẹ́ òní yọrí sí rere. Mi ò lè ṣe àmín.

Nehemiah