Ohùn Tó Ń Sọ Pé "Sannu"

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

Wọ́n rí géèmù náà lónìí. Ẹnì kan ní Brazil ló bá a nínú àwo sídì àtijọ́. Láti àárọ̀ ni ẹgbẹ́ wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwa tá a ń wá géèmù tó ti sọnù, ti ń yọ̀. Èmi kàn ń wò wọ́n.

Mo ṣí ẹ̀dà tí ará Brazil náà fi ránṣẹ́. Ọkùnrin kékeré aláṣọ pupa yẹn ṣì ń fo odò. Mo jẹ́ kó já sómi títí ó fi sú mi. Kò sí ohùn kankan.

Ohùn yẹn ni mo fi júwe géèmù náà fún wọn: tó o bá ti ṣubú, obìnrin kan á rọra sọ pé, "Sannu," ìyẹn "pẹ̀lẹ́" lédè Hausa. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé Hausa wà nínú géèmù àwọn ará Japan, ni wọ́n bá ń wá ẹ̀dà náà kiri.

Mo pe Bùọ̀dá Sàlíù, ẹ̀gbọ́n mi, ní Nasarawa Gwong, níbi tá a gbé dàgbà láàárín àwọn Hausa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Haba! Ìyá wa mà ni! Ẹ̀yìn wa ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa ṣa ìrẹsì. Tó o bá ti ṣubú, wọ́n á ní sannu."



Ọdún tí Ìyá jáde láyé ni mo wọ ẹgbẹ́ yìí. Mi ò so méjèèjì pọ̀ rí.

Mo po tíì, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi tutù.

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè bóyá ká ṣì máa wá ẹ̀dà tó ní ohùn obìnrin yẹn.

Mo ní kí wọ́n máa wá a.