Ẹni Mẹ́ta Ló Yẹ Kó Wà Nílé

Agége, oṣù Kìíní, 2001

Bàbá Moyọ̀sọ́lá,

Owó fúláwà búrẹ́dì tí ẹ jẹ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Jámánì, mo ti san án tán. Ẹ kú òtútù o. Màmá yín ń kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti ń fúyẹ́.

Ọmọ yín ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ògbà. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ mo ná an títí tí olùkọ́ fi dín in. Kí wọ́n tó kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, ìdáhùn tó yẹ kó mú wá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, kí wọ́n lè fi dán iṣẹ́ náà wò. Bí kò bá bá a mu, pupa ló ń yọ lójú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ó ní kí ẹ̀rọ ka àwa ará ilé. Mẹ́ta ló kọ pé ó yẹ kó jẹ́. Àmọ́ orúkọ àwọn tó ń sùn nílé ló kó sínú ẹ̀rọ, èmi àti òun nìkan ló sì rí kà. Pupa!

Jubril ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Moyọ̀, ní kó ṣáà máa dáhùn mẹ́ta, ká lọ sinmi!"

Ó ní, "Ṣé ìyẹn á gbé bàbá mi wálé?"

Olùkọ́ ní kó sọ mẹ́ta di méjì. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ọkọ mi, aṣọ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, àmọ́ a ò lè kà á mọ́ ènìyàn. Àárò yín ń sọ mí. Ẹ máa bọ̀. Ọlọ́run á la ọ̀nà fún yín. Ẹ ṣáà sọ ìgbà tí ẹ ń bọ̀ fún wa. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ṣíwájú Iléyá ni mò ń retí èsì.

Láídé yín