Ọṣẹ Ìgbà Márùn-ún Lójúmọ́

Ifangni, Ọjọ́rú, oṣù kẹta, 1978

Mo ti rí ìdí rẹ̀!

Ó tó ọdún méjì tí Ràbíátù, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Banigbé, ti ń jẹ̀rora lójú ara. A gún un lábẹ́rẹ́ títí ní ilé ìwòsàn wa, kò lọ. Ọ̀gá wa ní àròyé lásán ni. Lónìí mo rọra fi òwú kàn án níbẹ̀, ó sì fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Àròyé kì í mú kí awọ ara pọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo bi í bó ṣe ń fọ̀ ọ́.

"Bí ẹ ṣe ní ká máa ṣe é náà ni, Màdáàmù. Kí n tó ṣe àlùwàlá kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ dáadáa."

Háà! Èmi ni mo dìde níbi ìpàdé ìmọ́tótó tí ìjọba Révolution pè ní Banigbé, tí mo ní ìgbàkígbà tí obìnrin bá ti ń fọ abẹ́, kó fi ọṣẹ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń rò. Ìrun márùn-ún ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Bọ̀n, ó dáa. Mo ní kó máa fi omi lásán ṣan án, kó fi òrí pa á, kí ọkọ rẹ̀ sì ní sùúrù díẹ̀. Yóò san, ó dá mi lójú.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ṣé kí n sọ fáwọn orogún mi náà? Ó ń dun àwọn méjèèjì náà, ojú ló ń tì wọ́n."

Mo ní kó má sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun, ẹnu tí mo fi kó ọṣẹ wọ Banigbé ni mo máa fi kó o jáde.