Àwòrán Erin Tó Wà Lórí Fóònù Mi

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí èmi àti àǹtí mi bá ń di ewé la máa ń gbọ́ ètò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ abúlé wa, ẹ ṣá sọ pé apá Ìjẹ̀bú-Igbó ni.

Ewé mọ́ínmọ́ín là ń já nínú igbó. A kì í dárúkọ erin ní àgbègbè igbó yìí, "Bàbá" là ń pè é. Lóṣù tó kọjá, aṣojú iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ wá fọ́ òkúta níbẹ̀ bèèrè nípàdé abúlé pé, "Ṣé erin wà níbí?" Gbogbo àgbà dákẹ́, ẹnu wọn kò gbà á. Ó ní, "Ẹ ṣeun, kò sí nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí Bàbá ní Sátidé! Bàbá ọ̀hún, abo ni, ọmọ ẹ̀ sì ń fi ọwọ́jà fa ìrù ẹ̀. Mo fi fóònù mi ya àwòrán wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò rí oúnjẹ jẹ.

Àǹtí mi wò ó, ó ní, "Ọmọ yìí, pa á rẹ́. Bí ọdẹ bá rí i, ìwọ lo pa wọ́n." Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tó máa gbé igbó náà fún iléeṣẹ́ yẹn, torí wọ́n gbà pé kò sí Bàbá níbẹ̀.

Mi ò ní pa á rẹ́. Ẹ̀yin àti gbogbo olùgbọ́, ta ni mo lè fi hàn tó máa dá katapílà padà, tí kò sì ní pe ìbọn wá?

Èmi ni,
Ọmọ Eléwé.