Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Salihat, Ọmọ Tí Ó Kúnlẹ̀ Kí Àgbà Lórí Síkì

Àjà Kẹta,
Òpópónà Kedzie Àríwá,
Albany Park,
Ṣikágò, Illinois.

Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Òkè Hanley,
Ọgbà Ìṣeré Hanley,
Ṣikágò, Illinois.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí Òkè Hanley wà níkàáwọ́ yín,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ ÌPINNU YÍN PADÀ LÓRÍ SALIHAT OYÈWÙMÍ, ỌMỌ ỌDÚN MÉJÌ ÀTI OṢÙ MẸ́WÀÁ

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni Alhaja Tàwàkálítù Oyèwùmí, ìyá tó bí bàbá ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Ìwó, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì jẹ́ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo ti wà ní Ṣikágò, tí mò ń bá ọmọ mi Bámidélé àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ wọn, nítorí ṣíìfù ni àwọn méjèèjì ń ṣe nílé ìwòsàn. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yín sọ pé kí kálukú fi èdè ilé rẹ̀ kọ ẹ̀sùn. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ló dá ìjọ̀gbọ̀n yìí sílẹ̀, nítorí náà Yorùbá ni n ó fi tú u.

2. Ìwé yín ti ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀sùn méjì ni ẹ fi kan ọmọ náà. Ẹ ní àwọn ohun èlò rẹ̀ kò bá a mu. Ẹ tún ní kì í gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dínà fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ wá pàṣẹ pé kó má ṣe dé orí òkè yín mọ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún márùn-ún.

3. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò ní àwíjàre. Èmi ni mo jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tí a lọ ra nǹkan síkì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù Arábìnrin Zenaida nítòsí ilé wa, inú mi dùn ju ti ọmọ lọ. A mú àṣíborí aláwọ̀ ọsàn, a mú awò góògù tó bo ìdajì ojú rẹ̀, a mú igi síkì méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, tí kò gùn tó apá mi. Salihat dé àṣíborí, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní òun ti di ẹyin. Nígbà tó kan bàtà, Zenaida mú èyí tó ṣe é rẹ́gí wá. Mo ní kó lọ gbé èyí tó fi nọ́ńbà mẹ́ta jù ú lọ. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ra bàtà tó ṣe ọmọ rẹ́gí. Bàtà tí yóò wọ̀ dé ọdún tó ń bọ̀ là ń rà, a ó sì ki òwú sí iwájú rẹ̀. Zenaida ní bàtà síkì kì í ṣe bàtà iléèwé. Mo sọ fún un pé mo ti ra bàtà fún ọmọ márùn-ún kí wọ́n tó bí òun.

4. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lórí òkè yín, bí Salihat ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí, ẹsẹ̀ jáde, bàtà kù. Síkì àti bàtà yọ̀ lọ láìsí ẹni tó wọ̀ wọ́n, wọ́n sì dé ìsàlẹ̀ láìṣubú, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò tíì ṣe rí. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo dá bàtà náà padà, Zenaida sì pààrọ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín títí mo fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni bàtà ọmọ ti bá a mu.

5. Ẹ̀sùn kejì ni mo kọ̀, mo sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ọmọ tí ẹ ń pè ní aláìgbọràn, ìgbọràn gan-an ló kó bá a.

6. Olùkọ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Marvin, ọmọlúàbí ni. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló ń kọ́ ọ láti oṣù kìíní. Ó ní kó ṣe ẹsẹ̀ bí ègé píísà, kí ṣóńṣó síkì méjèèjì sún mọ́ra níwájú, kó lè dúró. Ọmọ la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí píísà. Ìgbà náà ni Marvin mọ̀ pé Yorùbá nìkan ló gbọ́ dáadáa, ó sì bẹ̀ mí kí n máa ṣe ògbufọ̀. Ó ní kí n sọ fún un pé kó máa tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀ bó bá ń yọ̀ wálẹ̀. Mo wo orúnkún, mo wo ọmọ, ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni “kúnlẹ̀”. Marvin kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń pè é ṣáá. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, àmọ́ ọmọ mọ ohun tó ń sọ. Níwọ̀n ìgbà tó ń di abíyá rẹ̀ mú, wàhálà kankan kò sí, torí orúnkún ọmọ kò lè dé ilẹ̀.

7. Èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ gbàgbé ohun kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ Salihat ni mo ti ń kọ́ ọ pé bí a bá ti ní “kúnlẹ̀”, àgbà ti dé nìyẹn, kó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, kó sì kí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ yìí kó tirẹ̀ dé orí yìnyín.

8. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, Marvin fi í sílẹ̀ kó dá yọ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ayọ̀ ọjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó la apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Mo ju báàgì mi sínú yìnyín, mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ké oríkì rẹ̀, “Àdùkẹ́, Àdùkẹ́”, orúnkún ọ̀tún tí mo tìtorí rẹ̀ lo oògùn láàárọ̀ kò rántí pé òun ń dùn. Ibẹ̀ ni Marvin ti ké “kúnlẹ̀”. Salihat sì kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó wọ̀tún wòsì, ó ń wá àgbà tí wọ́n ní kó kí. Àgbà tó rí ni Ọ̀gbẹ́ni Ramón, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tó ń yọ̀ bọ̀ láti òkè. Ó kí i pé ẹ káàárọ̀, sà.

9. Ọ̀gbẹ́ni Ramón lè yà fún un. Ogún ọdún ló ti ń ṣe síkì. Ṣùgbọ́n ọmọ Puerto Rico ni, ó sì ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé nílé tiwọn, ọmọ a máa tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ àgbà, àgbà kò sì gbọdọ̀ kọjá láìfún un. Nítorí náà ó dúró gbọnin, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé àṣíborí ọmọ mi, ó ń súre ní Sípáníìṣì. Mo ń ṣe àmín. Ẹni tó tẹ̀ lé Ramón kò lè dúró, ó gbá a. Ẹnìkẹta gbá ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di èèyàn méje nílẹ̀. Marvin sáré wá gbé ọmọ, òun náà yọ̀ ṣubú, ó di mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ìbọ̀wọ́ Ramón kan ṣoṣo ló sọnù. Márùn-ún nínú wọn ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò lè dìde, Salihat sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Ramón ti ní òun ṣe tán láti wá jẹ́rìí níwájú yín.

10. A ti wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo kọ́kọ́ dán “lóṣòó” wò lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé. Kíá ló ti ń bọ́ ṣòkòtò, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbé e lé póò nìyẹn. Bámidélé ló rántí “bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀”, tí a máa ń sọ fún un bó bá ń jó. Bí a ti sọ ọ́, orúnkún tẹ̀, ìdí yọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà níwájú. Marvin wò ó lórí fídíò, ó ní àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà òun kì í dúró dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ó ti pa “kúnlẹ̀” rẹ́ lẹ́yìn ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

11. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ̀rọ̀ “aláìgbọràn” kúrò níwájú orúkọ ọmọ yìí nínú ìwé yín. Mo ti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú orúkọ ọmọ rí, mo sì mọ bó ṣe ń bá wọn káàkiri. Mo tún bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kó wà lára àwọn ọmọ kéékèèké tí yóò yọ̀ wálẹ̀ níwájú òbí wọn ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, ọjọ́ kejìlélógún.

12. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni mò ń padà sílé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àkókò fisa mi sì ti ń pé. Ẹ ní kó dúró di ọmọ ọdún márùn-ún. Òun lè dúró, ọdún kún ọwọ́ rẹ̀. Èmi ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Nígbà tó bá fi pé márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa fi dá mi lóhùn lórí fóònù, kò sì ní rántí ẹni tó sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò dùn mí, bí ọmọdé ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n rí i kó dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó lọ. Bí ẹ bá gbọdọ̀ lé ẹnì kan kúrò lórí òkè, ẹ lé èmi. N ó dúró lẹ́yìn ọgbà, n ó sì pa ẹnu mi mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ náà yọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Tàwàkálítù Oyèwùmí (Alhaja),
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìyá àgbà Salihat.