Orúkọ Tí Mo Sọ Àbúrò Ọkọ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti di ìyàwó o! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó láti kọ̀wé sí yín, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Mummy jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Ilé kékeré kan nítòsí Rye Lane ní Lọ́ńdọ̀nù la wà báyìí, ọkọ mi sì ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí i pé mo mọ ọkọ yàn?

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó sínú táksì yín níwájú ilé títí ìròyìn orí rédíò yóò fi parí, tí oúnjẹ yín á sì máa tutù? Bí ẹ tilẹ̀ ti papòdà, mo ṣì máa ń yọjú lójú fèrèsé lásìkò yẹn.

Bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wá láti Tòróńtò fún ìgbéyàwó wa, ọ̀dọ̀ wa ló sì dé sí. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, òun ló máa wá orúkọ tí yóò máa pè é, bí Mummy ṣe ń pe àbúrò yín ní Eyínfúnjowó. Mo pe tèmi ní Ìbàdíàrán. Ó kọ̀.

"Ìyàwó, please! Gbogbo ayé ló ń jẹ́ ìyẹn. Wá tèmi."

Mo ní Adúmáadán. Ó na apá pupa rẹ̀ sí mi. "Adúmáadán kẹ̀? Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí ó bá padà sí Kánádà láìgba orúkọ kankan lọ́wọ́ mi, àlejò ni n ó máa jẹ́ lójú rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti ń ṣiṣẹ́, ìtàn àwọn èèyàn àtijọ́ ìlú wọn ló máa ń sọ fún àlejò. Lọ́jọ́ kan tí à ń gé ẹ̀fọ́, mo sọ fún un pé onítáksì ni bàbá mi. Ojú rẹ̀ tàn yẹ̀ẹ̀. Ó ní tọkọtaya dúdú kan tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà ló ni táksì àkọ́kọ́ ní Tòróńtò. Ẹṣin ló ń fà á, wọ́n sì kùn ún ní pupa àti yẹ́lò. Bàbá, táksì! Ó ní kí wọ́n tó dé Kánádà, wọ́n ti ìyàwó náà mọ́lé, wọ́n fẹ́ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá wò ó, ó bọ́ aṣọ tirẹ̀ fún un, ìyàwó wọ̀ ọ́, ó sì rìn jáde bí àlejò. Ọ̀rẹ́ yẹn ló jókòó sẹ́wọ̀n dípò rẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ló ń bi mí nípa tọkọtaya yẹn," ó ní. "Ọ̀rẹ́ yẹn ńkọ́? Mrs Lágbájá, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé tí mo kà. Ó máa ń dùn mí gan-an."

Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Afaṣọ-fọ́rẹ̀ẹ́," mo ní. "Orúkọ tí n ó máa pè ọ́ nìyẹn."

Ó ṣan ọwọ́, ó bọ́ sí yàrá. Ṣé mo ti ṣì í sọ ni, Bàbá? Ta ni kí n bi?

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ ra ohun tí yóò gbé lọ sílé. Èrò pọ̀ ní Rye Lane débi pé a pàdánù ara wa lẹ́nu ọ̀nà ẹlẹ́ja. Mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta: "Afaṣọ-fọ́rẹ̀ẹ́ o!"

Àwọn èèyàn yíjú. Láàárín orí wọn, ọwọ́ kan na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè.

"Ìyàwó mi! Mò ń bọ̀! Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ tèmi nìyẹn? Pè é kí wọ́n gbọ́ ní East Dulwich!"

Mo tún un pè, Bàbá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kí ó bá mi ṣe, mo kàn fẹ́ kí ó tún dá mi lóhùn ni.

Èmi ọmọ yín, tí inú rẹ̀ ń dùn jù, tí ó sì fẹ́ràn yín títí di òní.